Ìbéèrè Yín Lórí Ìdáná: Sàláàdì Ẹja Lọ́nà Táílándì

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, a mẹ́nu ba sàláàdì ẹja àwọn ará Táílándì ní ṣókí: ẹja tí a rún, máńgòrò tí kò tíì pọ́n, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ata àti ẹ̀pà. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e láti Èkìtì ló kún ojú ewé yìí. Ènìyàn mẹ́rin ni a fi ṣírò àwọn òṣùwọ̀n wa, àfi ibi tí a bá ti sọ ọ̀tọ̀. Ṣíbí ńlá gba mílílítà 15, ṣíbí tíì gba 5, ife gba 250.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ẹja àrọ̀ ní Ọjà Ọba, mo bọ̀ ọ́, mo rún un, mo sì dà á sínú òróró gbígbóná kí ó lè gbẹ kí ó sì fúyẹ́. Òróró náà hó títí ó fi ṣàn sórí iná. Ẹja náà mu òróró yó, kò sì gbẹ. Kí ló fà á?*
— Ìyàwó ilé, Adó-Èkìtì

Omi ló fa méjèèjì. Ẹja tí ẹ bọ̀ ti mu omi kún ara kí ó tó dé inú òróró. Bí omi bá kan òróró gbígbóná, ó ń di ooru lójú ẹsẹ̀, ooru yẹn ló sì ń ru òróró sókè títí yóò fi ṣàn. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń jáde, òróró kò ní lè gbóná tó bó ṣe yẹ. Inú òróró tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ẹja yín jókòó sí, ó sì ń fà á mu.

Nítorí náà, ẹ má bọ ẹja náà mọ́. Ẹ yan án. Ẹja àrọ̀ kílò kan tó. Ẹ fi iyọ̀ àti omi tó gbóná, àmọ́ tí kò hó, fọ yíyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, ẹ kó ìfun rẹ̀ jáde, kí ẹ là á láti ẹ̀yìn. Orí èédú tí iná rẹ̀ ti rọlẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí fún ìṣẹ́jú 20 sí 25, kí ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà èédú lè gbé e sórí asẹ́ lókè omi híhó, kí ó dé e, kí ooru omi sè é. Tó bá ti tutù, ẹ bó awọ rẹ̀, ẹ yọ egungun, kí ẹ sì yọ ẹran tó pọ́n dúdú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, torí òun ló ń korò nínú òróró. Ohun tó máa kù á tó bíi 400 gíráàmù.

Ẹ fi fọ́ọ̀kì họ ọ́ títí yóò fi di fọ́nránfọ́nrán, lẹ́yìn náà kí ẹ gún un díẹ̀ nínú odó kékeré. Ẹ̀yin ará ilé oníyán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra lo ọmọ odó: tó bá ti ń lẹ̀ bí òkèlè, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ dì í sínú aṣọ funfun mímọ́, kí ẹ fún un dáadáa. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo pẹrẹsẹ, ẹ fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin, kí ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí kan. Lásìkò òjò, inú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré ni kí ẹ dà á sí, kí ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 6 tàbí 7. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tó nígbà tí ẹ bá fọwọ́ pa á tí kò lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń sìn máa ń lọ́ràá ju ti odò lọ. Bí ọ̀rá bá ṣì ń dán lára tiyín, ẹ fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣíbí ńlá 2 yí i.

Ìkòkò tó jinlẹ̀ ni kí ẹ fi dín in, kì í ṣe páànù pẹlẹbẹ. Kí òróró jinlẹ̀ tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kó má kọjá ìdajì ìkòkò. Ooru tó yẹ jẹ́ bíi 180°C. Ẹni tí kò ní ohun tó fi lè wọn ooru, kó ju fọ́nrán ẹja kan sínú rẹ̀. Tó bá rì, kò tíì tó. Tó bá léfòó lójú ẹsẹ̀ tó sì ń hó yíká, ó ti tó. Tó bá dúdú kí ẹ tó ka márùn-ún, ẹ dín iná kù. Ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ pín ẹja náà dín. Ẹ wọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan yíká ojú òróró, ẹ má dà á gbì síbì kan. Yóò hó gan-an, yóò sì tàn kálẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 kí híhó náà rọlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ṣíbí oníhò kó o jọ sáàárín títí yóò fi lẹ̀ mọ́ra. Ìṣẹ́jú 2 lójú kan, ìṣẹ́jú 1 lójú kejì. Ẹ yọ ọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, torí ó ṣì ń pọ́n sí i lẹ́yìn tó bá kúrò nínú òróró.

Orí asẹ́ irin ni kí ẹ gbé e lé kí òróró ro kúrò. Bí ẹ bá gbé e sínú abọ́ kí ẹ sì dé e nígbà tó gbóná, ooru ara rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di rírọ̀. Ìwé ìròyìn, títí kan èyí tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, kò dára fún fífa òróró: yíǹkì rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ oúnjẹ.

*Tèmi gbẹ dáadáa, àmọ́ ó kan débi pé ọkọ mi ní òun kò jẹ. Ọsàn wẹ́wẹ́ mélòó gan-an ni? Ṣé mo sì lè po gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ kí a jẹ ẹ́ lálẹ́?*
— Ìyá ìbejì, Ẹ̀múrẹ́-Èkìtì

Iye ọsàn kì í sọ ohunkóhun fún ni, ìyá ìbejì, torí òmíràn ní omi, òmíràn kò ní. Omi rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n: ṣíbí ńlá 3. Omi ẹja oníyọ̀ tí à ń pè ní nam pla, ṣíbí ńlá 2. Ṣúgà, ṣíbí ńlá 1 àti ààbọ̀. Ata wẹ́wẹ́ 4 tí a gé. Àlùbọ́sà pupa kékeré 4, tàbí ìdajì ńlá kan, kí ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Máńgòrò ńlá 1 tó ṣì le koko, kí ẹ bó o kí ẹ sì gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀pà yíyan, ẹ̀kúnwọ́ kan.

Bí ẹ ṣe tò ó ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ yo ṣúgà nínú nam pla títí tí ẹ kò fi ní rí hóró rẹ̀ mọ́. Ẹ fi ata sí i. Ọsàn ló máa kẹ́yìn, ẹ má sì dà á sí i tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ máńgòrò yín wò ná. Bí òun fúnra rẹ̀ bá kan tó ń mú ni dijú, omi ọsàn ṣíbí ńlá 2 ti tó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín nìyẹn: máńgòrò kíkan àti ọsàn kíkan pàdé láìsí ṣúgà tó lè tù wọ́n. Tó bá kan jù, ẹ fi ṣúgà ìdajì ṣíbí tíì sí i, kí ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ tún fi sí i. Tó bá níyọ̀ jù, máńgòrò ni kí ẹ fi kún un. Ẹ má fi omi là á nínú èyíkéyìí, torí adùn rẹ̀ lẹ ó là dànù.

Tó bá jẹ́ pé ó korò ni, tí kì í ṣe pé ó kan, ọ̀nà tí ẹ gbà fún ọsàn náà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Òróró ara èèpo rẹ̀ àti funfun abẹ́ èèpo máa ń jáde bí a bá fún un títí èèpo yóò fi fọ́. Ẹ yí ọsàn náà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kó rọ̀, ẹ gé e, ẹ fún un níwọ̀nba, kí ẹ jù ú sílẹ̀.

Ní ti pípò ó láàárọ̀: rárá. Iyọ̀ àti ṣúgà máa ń fa omi jáde lára máńgòrò àti àlùbọ́sà. Láàárín ìṣẹ́jú 20, ẹ ó bá adágún nísàlẹ̀ abọ́, ẹja tó wà nínú rẹ̀ á sì ti rọ̀. Ẹ lè dín ẹja láàárọ̀, kí ẹ kó o sínú ike tó dé pinpin lẹ́yìn tó bá ti tutù pátápátá. Ẹ lè gé máńgòrò, kí ẹ fi ọ̀rá dì í sínú fíríìjì. Ẹ lè po nam pla, ṣúgà àti ata sílẹ̀. Ọsàn, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun ni. Ní Táílándì fúnra rẹ̀, ẹja máa ń wà lórí àwo tirẹ̀, máńgòrò àti omi rẹ̀ nínú abọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; orí tábìlì ni wọ́n ti ń dà á lé e.

*Mo wá nam pla yín títí, n kò rí i rà. Ṣé irú lè rọ́pò rẹ̀? Tàbí kí n kàn fi mágì sí i?*
— Ọlọ́jà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ fi mágì sílẹ̀. Ó ní sítáàṣì àti èròjà ọbẹ̀ nínú, sàláàdì yín á sì máa ta sánsán bí ọbẹ̀ ata.

Nam pla ni omi tó máa ń jáde lára ẹja wẹ́wẹ́ inú òkun tí wọ́n fi iyọ̀ púpọ̀ pamọ́ sínú àgbá fún nǹkan bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní àwọn ilé ìtajà ńlá ní Adó, níbi tí wọ́n ń to sọ́ọ̀sì òkèèrè sí. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò kí ẹ tó sanwó: ẹja, iyọ̀, bóyá ṣúgà díẹ̀. Bí omi bá ṣáájú ẹja nínú àkọsílẹ̀ náà, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Tí kò bá sí, edé ni kí ẹ sá bá. Edé gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí ńlá 2, iyọ̀ ṣíbí tíì 2, omi ìdajì ife. Ẹ sè é lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 8 sí 10 títí yóò fi kù bíi ṣíbí ńlá 4, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Iye kan náà tí ẹ̀ bá lò nínú nam pla ni kí ẹ lò nínú rẹ̀. Yóò pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì. Edé tó mọ́, tí kò ní yanrìn, ni kí ẹ lò. A lè fi ata bo edé tó ti pẹ́ nínú ọbẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó lè bò ó níhìn-ín.

Ní ti irú, a kò ní bá yín jà. Irú wooro bíi hóró 10, kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sè é pọ̀ mọ́ edé yẹn, kí ẹ sì sẹ́ ẹ jáde, yóò fún omi náà ní ìsàlẹ̀ tó dára. Irú pẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ yẹra fún. Ó ń sọ omi náà di ẹrẹ̀, òórùn rẹ̀ sì máa ń bo ti ọsàn àti ewé mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé: nam pla ṣíbí ńlá kan ní iyọ̀ tó lé ní gíráàmù 3. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ dín sí gíráàmù 5. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ bu máńgòrò àti ẹja sọ́tọ̀, kí ẹ wọ́n omi náà lé e bíi ṣíbí tíì kan péré, kí ẹ fi ọsàn àti ata kún un.

*Àbúrò mi ní kí a má wulẹ̀ yan ẹja, pé ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ti tó láti mú un jinná. Òótọ́ ni?*
— Olùkọ́, Ìjerò-Èkìtì

Kì í ṣe òótọ́, ẹ má sì gbà fún un. Omi kíkan máa ń sọ ẹran ẹja di funfun kó sì le díẹ̀, bíi pé iná ti kàn án. Àwọ̀ ló yí padà, kòkòrò inú rẹ̀ kò kú.

Ní ìlà-oòrùn àríwá Táílándì, lágbègbè Isan níbi tí ìlú Khon Kaen wà, àwọn kan wà tó máa ń jẹ ẹja odò wẹ́wẹ́ ní tútù pẹ̀lú ọsàn àti ata. Inú irú ẹja bẹ́ẹ̀ ni aràn kan tí wọ́n ń pè ní Opisthorchis viverrini wà. Ó ń lọ gbé nínú ọ̀nà òróòro lára ẹ̀dọ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wà lára ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 1994. Ọsàn kò pa á, ata kò pa á. Ilé aràn náà ni Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, àmọ́ kò sí ẹja odò tàbí ti adágún níbikíbi tó yẹ kí a jẹ ní tútù, ì báà jẹ́ tiwa. Ẹja ti jinná nígbà tí inú rẹ̀ bá dé 63°C. Lójú lásán, ẹ wo ìdí egungun ẹ̀yìn: kí ẹran ibẹ̀ funfun láìdán, kó sì máa ṣí kúrò lára egungun fúnra rẹ̀.

*Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, sítóòfù ẹlẹ́nu kan ni mo ní, owó ẹja àrọ̀ kò sì sí. Títù ni agbára mi ká. Kí ni kí n fi ṣe?*
— Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ fi ṣe laap pla. Sàláàdì ẹja rírún ti àwọn ará Isan àti orílẹ̀-èdè Laosi ni, kò nílò òróró púpọ̀, kò sì béèrè máńgòrò. Ní tiwa, a fẹ́ràn rẹ̀ ju onímáńgòrò lọ. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni ìrẹsì tí a yan tí a sì gún, ọwọ́ Èkìtì sì tó ìyẹn dáadáa.

Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ìdajì ife ni kí ẹ bù. Ẹ ṣà á dáadáa, torí òkúta kan péré tó bá bọ́ sínú odó lè fọ́ eyín ẹni. Ẹ má fọ̀ ọ́; bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó lò ó. Inú páànù gbígbẹ, lórí iná kékeré, ni kí ẹ ti yan án, kí ẹ máa rò ó láìdúró. Ìrẹsì tí àwọn Isan ń lò ni èyí tó máa ń lẹ̀, kì í sì í pẹ́ pọ́n. Tiwa ti rí omi gbígbóná kí wọ́n tó bó o, hóró rẹ̀ le, nítorí náà ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 18. Ẹni tó bá kánjú tó sì rú iná sókè yóò rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ jó, inú rẹ̀ sì wà ní tútù, ìyẹ̀fun rẹ̀ á wá máa korò. Ẹ wá àwọ̀ bí ẹ̀pà yíyan, kó pọ́n dé inú. Ẹ bu hóró kan jẹ: ó yẹ kó fọ́ wẹ́rẹ́ lẹ́nu. Bí ẹ bá rí ewé tíì, ẹ gé ìdí rẹ̀ kan sí i ní ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó gún ìrẹsì náà. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ gún un kó rí bíi gàrí, kó má kúnná bí èlùbọ́. Ohun tí ẹ kò bá lò, ẹ kó o sínú ìgò tó dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òórùn dídùn rẹ̀ á ti ń lọ.

Títù ńlá kan, bíi 500 gíráàmù, tó ènìyàn méjì. Ẹ yọ ìfun rẹ̀ àti awọ dúdú inú ikùn rẹ̀, torí ó ń korò. Ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ, ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì pa á lára. Ẹ jẹ́ kí páànù gbóná kí ẹ tó da òróró ṣíbí ńlá kan sí i, kí òróró náà sì gbóná kí ẹ tó gbé ẹja lé e. Páànù tí kò gbóná àti ẹja tó tutù lára ló máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ìṣẹ́jú 6 láìfọwọ́kàn án, ẹ yí i, ìṣẹ́jú 5 sí i. Ẹ yọ egungun, kí ẹ rún un bí èékánná àtàǹpàkò, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú.

Nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ po omi ọsàn ṣíbí ńlá 2, nam pla tàbí omi edé ṣíbí ńlá 1, ṣúgà ìdajì ṣíbí tíì, ata gbígbẹ yíyan tí a gún ṣíbí tíì 1, àlùbọ́sà pupa àti àlùbọ́sà eléwé pọ̀ mọ́ ọn. Ewé míńtì ẹ̀kúnwọ́ kan tẹ̀ lé e. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣíbí ńlá 1 àti ààbọ̀ ló kẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì jókòó tì í lójú ẹsẹ̀: ìyẹ̀fun náà ń mu omi, tó bá pẹ́, á di ọ̀gì.

*Lẹ́yìn tí mo jẹ Títù, ètè mi ń ta mí, ojú mi pọ́n, orí ń fọ́ mi. Àwọn tó kù nílé jẹ ẹja mìíràn, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣé Títù kò bá mi lára mu ni?*
— Ìlawẹ̀-Èkìtì

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, dókítà ló sì lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó jọ ọ́ gan-an. Títù, kòtè àti túnà ní èròjà kan lára tí àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń sọ di histamine bí ẹja náà bá ti kúrò nínú yìnyín fún wákàtí díẹ̀. Bí histamine bá ti wà níbẹ̀, iná kò mú un kúrò, dídì padà kò mú un kúrò, ọsàn náà kò lè ṣe nǹkan kan. Ẹja náà sì lè má rùn rárá. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan: ẹnu á máa ta bí ẹni jẹ ata, ojú á pọ́n, ara á yún. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan. Bí mímí bá nira tàbí ètè bá wú, ẹ má dúró, ilé ìwòsàn ni.

Nídìí ìrajà, ẹ wo ìsàlẹ̀ páálí ẹja. Yìnyín tó nípọn tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ ń sọ pé ẹja náà ti yọ́ rí, wọ́n sì tún dì í. Ẹja tó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ, tí ara rẹ̀ sì rọ̀, bákan náà ni. Ẹ rà á kẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ti ra nǹkan yòókù tán, kí ẹ sè é lọ́jọ́ náà. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn. Fíríìjì tí a kò ṣí lè tutù fún wákàtí 4, fírísà tó kún fún wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì fún 24.

*Ṣé mo lè fi ẹfínrín rọ́pò míńtì?*
— Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀, àmọ́ kó má pọ̀. Ìdílé kan náà ni ẹfínrín àti àwọn ewé olóòórùn tí wọ́n ń lò ní Táílándì, ṣùgbọ́n tiwa le jù wọ́n lọ. Ewé 4 tàbí 5 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú, kí ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kí ẹ gé e. Ewé rẹ̀ tó ti gbó ń korò.

*Kò sí máńgòrò tútù lọ́jà báyìí. Kí ni kí n lò?*
— Ìfàkì-Èkìtì

Ìbẹ́pẹ dúdú ni àkọ́kọ́. Ẹ bó o, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí oje rẹ̀ jáde, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rin ín, kí ẹ fún un gbẹ. Kò kan, nítorí náà ẹ fi omi ọsàn ṣíbí ńlá 1 kún iye tí a kọ sókè. Kùkúńbà náà dára, bí ẹ bá yọ inú rẹ̀ tó ní omi dànù. Lásìkò àgbálùmọ̀, ẹran inú rẹ̀ tó kan, tí a gé wẹ́wẹ́ láìsí èèpo, máa ń dùn nínú laap gan-an. Ẹ lo èyí tó pọ́n dáadáa, torí oje èyí tí kò pọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń dùn jù, ó sì ń ṣomi jù. A kì í lò ó.

*Alásè ni mí. Ènìyàn 50 ni mo fẹ́ ṣe é fún níbi ìsìnkú àgbà. Báwo ni mo ṣe máa pọ̀ ọ́n sí i?*
— Òmùò-Èkìtì

Ẹ má dán dídín fọ́nránfọ́nrán yẹn wò fún 50 ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, òróró ń lọ, yóò sì ti rọ̀ kí àlejò tó jókòó. Ẹ yan ẹja àrọ̀, ẹ rún un gbàǹgbà-gbàǹgbà, kí ẹ gbé e sórí máńgòrò. Ẹja àrọ̀ kílò 8 yóò fún yín ní bíi kílò 3 ẹran ẹja tó jinná, ìyẹn bíi 60 gíráàmù fún ẹnì kan, ó sì tó gẹ́gẹ́ bí ohun ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ. Máńgòrò ńlá 8. Omi ọsàn mílílítà 350, nam pla mílílítà 240, ṣúgà bíi 150 gíráàmù. Àlùbọ́sà pupa ńlá 4. Ẹ̀pà yíyan ife 2, kí ẹ gbé e sí abọ́ ọ̀tọ̀, torí àwọn kan wà tí ẹ̀pà lè pa. Ata ni kí ẹ má ṣe sọ di púpọ̀ bíi ti ìyókù: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15, kí ẹ tọ́ ọ wò.

Ẹ kó nam pla, ṣúgà àti ata sínú gorodóòmù mímọ́ láti ilé. Ẹ fún ọsàn níbẹ̀. Abọ́ ènìyàn 10 ni kí ẹ máa pò lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ẹja tó ti jinná kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ láìsí nínú kúlà oníyìnyín. Bí oòrùn bá mú lábẹ́ kánópì tó ju 32°C lọ, wákàtí 1 ni. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má dì í fún ẹnikẹ́ni lọ sílé, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó.

*Kí la fi ń jẹ ẹ́? Ṣé ó bá iyán lọ?*
— Ọ̀pọ̀ nínú yín ló bi wá, láti Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè dé Adó

Ìrẹsì tó ń lẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní Isan. Wọ́n á fọwọ́ ká a bí òkèlè. Nílé yín, ìrẹsì sísè tó gbẹ dáadáa, tàbí iṣu sísun. Bọ̀ọ̀lì náà bá a mu, torí adùn rẹ̀ ń tu kíkan náà lójú. Iyán ń fẹ́ ọbẹ̀ tó ń fà. Ohun kíkan tó ń ṣomi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kàn sọ òkèlè di yíyọ̀ lásán, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ èyí tí òun ń jẹ nínú méjèèjì.